Ìpè Kẹta

Ní ọjọ́ Àlàrùbá, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, Najeem ọmọ Sàníù kú sójú ogun ní ìpínlẹ̀ Borno. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ló kọjá kí ẹnikẹ́ni ní Erunmu tó gbà pé ó kú.

Lẹ́tà àwọn ológun ló kọ́kọ́ dé. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì ju ìlà mẹ́fà lọ. Sàníù ka ìwé mẹ́wàá, ó sì lo ọdún mọ́kànlélógún nínú iṣẹ́ ológun kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ipò sájẹ́ǹtì, nítorí náà kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Lẹ́tà náà ní lẹ́yìn ìjà ọjọ́ náà, àwọn kò rí Najeem láàárín àwọn alààyè, àwọn kò sì rí i láàárín àwọn òkú. Ó ti sọnù. Sàníù ká lẹ́tà náà, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ewúrẹ́ ní í sọnù," ló wí fún Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀. "Ọmọ ogun kì í sọnù."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sóde. Kí oṣù kejì tó parí, "ó sọnù" ti di "ó sá" lẹ́nu àwọn kan. Ní ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ pákí, ọkùnrin kan tilẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun rí Najeem ní Kútọnu, pé ó ń ta fóònù, ó sì ti sanra. Wọn kì í sọ ọ́ lójú Sàníù. Bí ó bá ti yọ lókèèrè, òjò ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọyẹ́ ló wà nílẹ̀.

Sàníù lè fara da ìyẹn. Èyí tí kò lè fara dà ni ohun tí Lèmọ́mù sọ fún un, nítorí pé Lèmọ́mù kò ṣì í sọ.

"Sájẹ́ǹtì, a kì í kírun òkú sí ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó kú," Lèmọ́mù wí. "Bí mo bá kírun sí i lónìí, tó bá wọlé lọ́la ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé opó ni kí n pè é, àbí aya ẹni tó lọ sí àjò? Ẹ wá ẹlẹ́rìí kan fún mi. Ẹni tó wà níbẹ̀, tó fojú rí. Ọjọ́ tí ẹ bá mú un wá, ọjọ́ náà la ó kírun."

Sàníù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde. Nígbà tó délé, ó bá Zubaidah, ìyàwó Najeem, ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ ọmọbìnrin tí Najeem fi sí i lọ́wọ́. Zubaidah gbójú sókè wò ó, ó sì tún tẹrí ba sí aṣọ náà. Obìnrin tí kò mọ̀ bóyá kí òun ṣọ̀fọ̀ ọkọ ni tàbí kí òun máa retí rẹ̀, kò sí ìbéèrè tó kù tó fẹ́ béèrè. Láti ọjọ́ náà ni Sàníù ti fi wíwá ẹlẹ́rìí ṣe iṣẹ́, bí ẹni tó ní oko méjì: ó ń ro ti pákí láàárọ̀, ó ń ro ti ẹlẹ́rìí láti ọ̀sán lọ.

Ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ibi mẹ́ta tí wọ́n ní kí ó lọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́, orúkọ tí Najeem máa ń dá lórí fóònù: Josiah, ará Akanran, ẹni tí àwọn jọ ń gbẹ́ kòtò. Nọ́ńbà Josiah tó wà nínú fóònù Zubaidah kò lọ mọ́, nígbà tí Sàníù sì wá a dé Akanran lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ní kò tíì ti ogun dé.

Mùjíbátù ló rí i. Epo pupa ló lọ rà ní Akanran lóṣù kẹrin ọdún 2025. Nígbà tó dé, kò tíì sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ tó fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá Najeem, ọdún kan lẹ fi lẹ́tà wá ọmọ náà. Kẹ́ẹ̀gì epo kan lèmi fi rí i."

"Ọmọ wo?"

"Josiah. Ó ń tún fáǹpù tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín oògùn ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà, níwájú ilé ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló kù fún un. Ẹni tó tà mí lépo ní láti ìgbà tó ti dé, kì í bá ènìyàn sọ ju ọ̀rọ̀ fáǹpù lọ."

"O bá a sọ̀rọ̀?"

"Èmi kọ́ ni sájẹ́ǹtì," ó wí, ó sì lọ gbé epo sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sàníù wọ bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́, ó gun ọ̀kadà. Wọ́n gba ẹ̀bá oko rẹ̀ kọjá, ibi tí igbó ti fún mọ́ ọ̀nà, Sàníù sì rántí ohun tí kò fẹ́ rántí.

Bàbá rẹ̀, Fákọ́ládé, jẹ́ ọdẹ, kò sì gba Ìsìláàmù títí ó fi kú. Nígbà tí Sàníù wà ní kékeré, bàbá náà mú un wọ igbó, ó sì kọ́ ọ ní òfin kan. "Bí ẹnì kan bá pè ọ́ nínú igbó, tí o kò rí ojú rẹ̀, pa ẹnu mọ́. Iwin a máa pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, a máa pè é lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kì í ní sùúrù ìpè kẹta. Ẹni tó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ènìyàn ni. Dá a lóhùn." Sàníù di Mùsùlùmí, ó fi ohun gbogbo tí bàbá rẹ̀ ń bọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi òfin yìí sílẹ̀. Ó wúlò fún un nínú igbó Liberia, níbi tí kì í ṣe iwin ló ń pe ènìyàn. Nígbà tí Najeem pé ọmọ ọdún méje, ó fi kọ́ òun náà.

Najeem gba ẹ̀kọ́ náà tọkàntọkàn. Kódà nínú ilé, bí Mùjíbátù bá pè é lẹ́ẹ̀kan, kẹ́kẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́kẹ́. Mùjíbátù a wọlé lọ bá a, a gbá a létí.

"Ṣé iwin ni mo jọ lójú ẹ ni?"

"Mààmi, ẹ ò tíì pe ìkẹta," Najeem a wí.

Sàníù ló máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ní Akanran, ó rí Josiah kí ó tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọ̀dọ́mọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ni, ó jókòó sórí àga kékeré lábẹ́ ìbòòji àjà, fáǹpù mẹ́ta níwájú rẹ̀, igi tó fi ń rìn sì fara ti ògiri. Ó fẹ́ dìde láti kí àgbàlagbà náà.

"Jókòó," Sàníù wí. "Ìwọ ni Josiah?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàbọ̀, sà."

"Sàníù ni orúkọ mi. Erunmu ni mo ti wá. Èmi ni mo bí Najeem."

Ìdè kékeré kan, nọ́ọ̀tì fáǹpù, bọ́ lọ́wọ́ Josiah, ó yí lọ sábẹ́ fáǹpù. Ó tẹ̀ ba, ó ń wá a. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fi wá ìdè lọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó wí, kò gbé orí sókè. "Mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. A pọ̀ níbẹ̀."

Sàníù kò pè é ní òpùrọ́. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn fáǹpù náà, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Mùjíbátù.

"Ní ọdún 1992, Liberia la wà, lẹ́yìn odi Monrovia. Kọ́púrà ni mí. Èmi àti Múyì la jọ wà nídìí ìbọn kan. Òun ń yìn ín, èmi ń fi ọta bọ́ ọ. Olúmúyìwá ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọmọ Ìyànà Ọ̀fà. Òjò ibẹ̀ kì í dá. Àtẹ́lẹsẹ̀ wa funfun, ó ń bó bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ìró ìbọn kì í bà mí lẹ́rù. Ìgbà tó bá dákẹ́ ló máa ń bà mí lẹ́rù, nítorí bó bá ń dún, mo mọ ibi tí àwọn ọ̀tá wà."

Josiah ti dẹ́kun wíwá ìdè. Ó ń gbọ́.

"Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí wa. Ọta wọ Múyì nítan. Mo gbé e kọ́rùn, mo gbé e dé àbàtà kan. Ó wúwo. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ pé kí n mí díẹ̀. Àwọn tiwa kígbe pé kí a máa sá bọ̀, mo bá sá. Ó ń wò mí.  Ó ń wò mí ni."

Ó tún gbé fáǹpù náà, ó sì gbé e padà.

"Mo padà délé ní 1993. Ìyá Múyì ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá títì ní Ìyànà Ọ̀fà. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ àtẹ rẹ̀, mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Kò sí ẹni tó wọ aṣọ ológun tó gba ibẹ̀ kọjá tí obìnrin náà kò bi léèrè ọmọ rẹ̀. Títí ó fi kú ní 2011, ó ń bu oúnjẹ Múyì sọ́tọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí. Mi ò sọ ọ́. Josiah, mi ò wá bá ọ jà. Mo wá kí o má baà di irú mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó nù ún títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí níkẹyìn, "tí mo bá máa sọ ọ́, ẹ má wò mí."

Sàníù dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ojú sí ọ̀nà, ó sì jókòó.

"Ọyẹ́ ni," Josiah bẹ̀rẹ̀. "Ekuru bo gbogbo ibẹ̀, ènìyàn ò rí ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ gaàrí. Najeem ló wà nínú kòtò tó wà níwájú jù. Òun nìkan ni, ibà ti dá ẹni kejì rẹ̀ dúbúlẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbésẹ̀ ogójì.

"Àwọn tí à ń bá jà ti gba rédíò wa kan lóṣù tó ṣáájú, sà. Wọ́n mọ orúkọ wa. Wọn a máa pè wá láti inú ekuru bí ẹni pé ará wa ni wọ́n. Gift, ọ̀kan nínú wa, dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kan, ó gbé orí sókè, ọta bà á lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn ni Najeem ní kí ẹnikẹ́ni má dáhùn ìpè bí kò bá rí ojú ẹni tó pè é. Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, 'Ọmọ ọdẹ, ṣé àǹjọ̀nú ló wà ní Borno?' Ṣùgbọ́n a tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà wá."

"Máa bá a lọ," Sàníù wí fún ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀.

"A gbọ́ ọkọ̀ wọn, a ò rí wọn. Ìró là ń yìnbọn sí. Iyanrìn ń há ìbọn. Mo fi itọ́ nu tèmi títí kò fi sí itọ́ lẹ́nu mi mọ́. Ọ̀gá wa ní kí a fà sẹ́yìn. Najeem kò ní rédíò. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ fún un. Mo pè é."

 Sàníù kò yíjú padà.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?" ó béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é. Kò dáhùn. Mo ní ó ti kú. Mo sáré."

Ọ̀kadà kan kọjá, ó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sẹ́yìn. Sàníù ń wò ó títí ó fi pẹ́ kọ́nà. 

"A ò tíì lọ jìnnà tí a fi gbọ́ ìbọn rẹ̀ lẹ́yìn wa," Josiah wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń yìn ín ní méjì, á sinmi, á tún yìn ín ní méjì. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lé wa bá nìyẹn. Mẹ́fà nínú wa ló yè é. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

"Lọ́sàn-án, àwọn mìíràn dé láti ràn wá lọ́wọ́, èmi ni mo mú wọn padà síbẹ̀. Mo rí i, sà. Ó wà nínú kòtò rẹ̀, ó kọ ojú síwájú. Ọta ti bà á láyà."

"Ọta tirẹ̀ ńkọ́? Mélòó ló kù?"

"Kò ku ẹyọ kan. Mágásíìnì mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ṣófo. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó fẹ́ dá wọn padà sí ìsọ̀."

Sàníù mi orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Mo pa ojú rẹ̀ dé, mo kó ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. À ń gbé e lọ sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n tún da ìbọn bò wá. Nǹkan bú gbàmù. Ìgbà tí mo la ojú, ilé ìwòsàn ni, ẹsẹ̀ mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tí a jọ rí i, kò sí ọ̀kan tó yè, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó bi mí, èmi náà ò sọ. Kí ni ǹ bá sọ, sà? Pé mo pè é, mi ò sì dúró?"

Sàníù gbọ́ tí ó fi apá nu ojú. Lẹ́yìn náà ni Josiah béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún kan àti oṣù mẹ́ta.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣé ó gbọ́ mi?"

Sàníù yí àga rẹ̀ padà. Ìdáhùn náà wà ní orí ahọ́n rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ òun gbọ́. Ó gbọ́ ìkíní, ó gbọ́ ìkejì, ó sì pa ẹnu mọ́, ó ń retí ìkẹta. Sàníù wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti parí. Òtítọ́ wà tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ rù ú. Ó gbé e mì bí ẹni tó gbé agúnmu mì láìsí omi.

"Èmi ni mo kọ́ ọ kí ó má dáhùn," ó wí. "Ẹrù yẹn kì í ṣe tìrẹ, sọ ọ́ kalẹ̀. Ìbọn tí o gbọ́ lẹ́yìn rẹ, òun ló fi dá ọ lóhùn."

Josiah tẹ orí ba. Sàníù jẹ́ kí ó sunkún tó bó ṣe fẹ́. Nígbà tó tán, ó ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, wàá wá sọ ọ́ ní Erunmu, níwájú mọ́ṣáláṣí."

"Onígbàgbọ́ ni mí, sà."

"Lèmọ́mù kò bi mí ní ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fojú rí ló ní kí n mú wá."

"Ẹsẹ̀ mi, sà..."

"Ẹnu la fi ń jẹ́rìí. Màá rán ọkọ̀ wá."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kò sí ẹni tó lọ sílé. Wọ́n gbé àga fún Josiah, ó kọ̀ ọ́. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan àti igi kan, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ èyí tí kò dára fún un kúrò. Nígbà tó dé ibi tó ti ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é," Mùjíbátù tó wà láàárín àwọn obìnrin gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ wá ojú ọkọ rẹ̀ rí. Sàníù mi orí díẹ̀, díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè rí. Mùjíbátù fa ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

"Ṣé o fi ojú ara rẹ rí òkú rẹ̀?" Lèmọ́mù béèrè.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ojú rẹ̀ dé."

Lèmọ́mù yíjú sí ìjọ. "Ẹ tò," ó wí.

Wọ́n tò. Ọkùnrin tó ní ẹ̀gbọ́n òun rí Najeem ní Kútọnu wà ní ìlà kejì, ó ń wo ilẹ̀. Kò sí òkú níwájú wọn, wọ́n kírun náà ní ìnàró, Josiah sì dúró lẹ́yìn wọn, ó ṣí fìlà.

Nígbà tí àlejò tán nílé, Mùjíbátù wá bá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún un."

"Mi ò sọ fún un."

"Ẹ má sọ ọ́ láéláé, Bàbá Najeem."

"Mi ò ní sọ ọ́."

Mùjíbátù jókòó tì í. "Èmi ni mo máa ń gbá a létí nítorí rẹ̀," ó wí. 

Lèmọ́mù ti ní kí wọ́n kọ ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, kí wọ́n lè pín ogún bó ṣe yẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, Sàníù mú ìwé àti bírò, ó kọ ọjọ́ sókè, ó sì kọ ọ́ báyìí:

Láti àpò rẹ̀, èyí tí Josiah mú wá: tẹ̀sùbáà kan, ìlẹ̀kẹ̀ méjì ti já níbẹ̀. Ṣíbí irin kan, ó gbẹ́ N.S. sí ìdí rẹ̀. Fọ́tò kan, omi ti bà á jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bébà kékeré kan, ó kọ iye páànù àti iye símẹ́ńtì tó kù sí i.

Nílé: ilé oníyàrá méjì, ó kọ́ ọ dé ojú fèrèsé. Igi kòkó ọgọ́jọ, ọdún mẹ́ta. Àdá méjì, ọkọ́ kan. Bùbá ọdún Iléyá, kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Fóònù kan, ojú rẹ̀ fọ́.

Aya kan, Zubaidah, ó di opó lónìí.

Ọmọbìnrin kan, ọdún mẹ́rin. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀kan, kì í dáhùn. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀mejì, kì í dáhùn.